Ilé Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Dọ̀bálẹ̀ Sí

Bándélé ń ti túúbù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ omi nígbà tí ọmọ rẹ̀ tún jáde tọ̀ ọ́ wá. Ó ń yí túúbù náà díẹ̀díẹ̀ nínú abọ́. Afẹ́fẹ́ ń hó jáde lójú kan. Ó fi àtàǹpàkò dí ibẹ̀, ó fi àkísà nù ún, ó na ọwọ́ kejì sí gọ́ọ̀mù.

"Bàbá mi, wọ́n ti kúrò ní Emùré," ni Tèmilọlá wí.

"Mo gbọ́."

"Aago mẹ́sàn-án ti kọjá."

"Aago mọ́kànlá la dá fún wọn."

"Kẹ̀kẹ́ yìí ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sẹ́yìn ilé."

Bándélé fi gọ́ọ̀mù ra ojú ibi tó lu. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè gbẹ. Kò wo ọmọ rẹ̀.

"Kí ni kẹ̀kẹ́ ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Àlejò ló ń bọ̀."

"Ohun tí a bá jí la máa ń gbé pamọ́ fún àlejò. N kò jí kẹ̀kẹ́."

Tèmilọlá dúró. Irun tuntun wà lórí rẹ̀, aṣọ ilé ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Adó, ó máa ń wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á sì padà lọ́jọ́ Àìkú. Òun nìkan ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí kó tó kú. Ayọ̀túndé, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ń kó àwọn ẹbí rẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ náà láti wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kí ẹbí méjèèjì lè mọ ara wọn. Bí ó bá lọ dáadáa, wọn yóò dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí kò bá lọ dáadáa, ọ̀rọ̀ parí.

"Lónìí nìkan, Bàbá mi."

"Ibí ló máa ń wà."

Ó mú ewé rọ́bà kékeré kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò náà, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tèmilọlá wo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó wo géètì dúdú ilé kejì. Ó wọlé.

Ọdún kẹrìnlélógójì nìyí tí Bándélé ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Kẹ̀kẹ́ kẹta rẹ̀ ni èyí. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama kan ní Ìsẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìdájí ló máa ń gun òkè lọ, ọ̀sán ló máa ń yí i bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun kò rà. Wọ́n bi í ní ìdí rẹ̀. Ó ní ohun tí ẹsẹ̀ òun bá lè ṣe, òun kò ní í bẹ ẹ́ńjìnnì sí i. Kò ṣe àlàyé kejì fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà. Wọ́n pè é ní ahun, kò fèsì. Nígbà tí epo bẹ́ńtírò gbówó lórí tí àwọn onímọ́tò ń gbé mọ́tò wọn kalẹ̀ bí ẹni gbé òkú kalẹ̀, àwọn ẹni tó pè é ní ahun wá ń pè é ní ọlọ́gbọ́n. Kò fèsì sí ìyẹn náà.

Orí káríà kẹ̀kẹ́ ni Tèmilọlá ti lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ní kí bàbá òun sọ òun kalẹ̀ nídìí máńgòrò, kí wọ́n tó dé géètì ilé ìwé. Bándélé sọ ọ́ kalẹ̀. Kò bi í ní ìdí. Láti ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ń dúró nídìí máńgòrò náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó dúró.

Ilé kejì, ilé Adéwálé ni. Ọdún kan náà ni òun àti Bándélé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Adéwálé yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú kíláàsì, ó bọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba, ó sì fẹ̀yìn tì ní dáyírẹ́kítọ̀. Mọ́tò mẹ́ta ló wà nínú ọgbà rẹ̀. Táìsì ló fi ṣe iwájú ilé, títí dé ara ògiri. Nínú ìjọ, alàgbà ni, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́.

Nítorí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣe jà. Adéwálé ní kí olùṣọ́ gbé kẹ̀kẹ́ Bándélé kúrò láàárín mọ́tò, kó lọ gbé e ti ara ilé ìgbẹ́. Bándélé jáde láti inú ìsìn, ó gbé e padà síbi tó wà. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Adéwálé sọ ọ́ níwájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin pé, "Ẹnìkan wà ládùúgbò wa tó ń fi òṣì ṣe ọ̀ṣọ́." Bándélé gbọ́. Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Ọdún kẹrin nìyí. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó mọ ní àyà ló wà láàárín ilé méjèèjì, bí ọ̀kan bá sín níhìn-ín, èkejì á gbọ́ lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé pẹ̀lẹ́.

Bándélé ti táyà bọ àgbá rẹ̀, ó fún un ní atẹ́gùn, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó sì gbé e ti ògiri iwájú ilé. Ó wẹ̀. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó dé fìlà. Àgbà ẹbí méjì tó wá bá a gba àna ti jókòó sí pálọ̀.

Lẹ́yìn ilé, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Olúbùnmi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ìníolúwa, ń bá Tèmilọlá fa ọ̀rọ̀.

"Àǹtí, mo fẹ́ dé ojú títì. N kò ní í pẹ́."

"Kí lo fẹ́ ṣe lójú títì?"

"Mo fẹ́ ra nǹkan ni."

"Kí lorúkọ nǹkan ọ̀hún? Ìyàwó wo lo rí tó ń rìn lójú títì lọ́jọ́ tí àna ń bọ̀? Kí wọ́n wá pàdé rẹ nídìí ẹni tó ń ta búrẹ́dì, kí wọ́n ní ara rẹ kò gbà á mọ́?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"A kì í rí ìyàwó kí wọ́n tó pè é. Bí wọ́n ṣe sé èmi mọ́lé lọ́jọ́ tèmi nìyẹn, n kò sì kú."

"Ayọ̀túndé kò gbé fóònù rẹ̀."

"Ó ń wa mọ́tò. Ṣé o fẹ́ kó fi etí kan wà á ni? Wọlé."

Bándélé gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá pa dé, tí kọ́kọ́rọ́ yí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú yàrá. Ó rò pé ìbẹ̀rù ọjọ́ ńlá ni.

Àwọn ará Emùré kò dúró di aago mọ́kànlá. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni ìró mọ́tò dé. Mọ́tò mẹ́ta ni. Bándélé gbọ́ tí wọ́n rọra, tí wọ́n dúró. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, àti ohùn àwọn obìnrin tí wọ́n ti gbé orin sẹ́nu. Àwọn àgbà méjì tó wà ní pálọ̀ tún fìlà wọn ṣe. Olúbùnmi sáré wá sẹ́nu ọ̀nà, ó nu ọwọ́ sí ìró.

Orin náà kò súnmọ́ wọn. Ó ń lọ ni. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

"Ibo ni wọ́n yà sí?" ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà wí.

Bándélé jáde.

Géètì dúdú ilé kejì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mọ́tò mẹ́ta wà níwájú rẹ̀. Nínú ọgbà, àwọn obìnrin mẹ́fà dúró pẹ̀lú ẹrù lórí. Adéwálé jókòó lórí àga níwájú ilé rẹ̀, ó wọ léèsì. Níwájú rẹ̀, lórí táìsì, ọkùnrin márùn-ún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà wọn kanlẹ̀, fìlà wọn wà lọ́wọ́.

Ẹni tó wà níwájú, ọkùnrin sísanra kan tó ti hewú, ń sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀.

"Bàbá wa, àwa ará Emùré la dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ni mí, Michael ni orúkọ mi. Bàbá ọmọ ti lọ sí ilé ìsinmi, èmi ni mo dúró fún un. A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó wù wá."

"Òdòdó pọ̀ nínú ọgbà," ni Adéwálé wí. "Èwo lẹ rí?"

"Tèmilọlá ni."

Adéwálé mi orí bí ẹni gbọ́ orúkọ ọmọ inú rẹ̀. Ó gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ bá ojú Bándélé pàdé lókè ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin márùn-ún náà. Kò gbé e kúrò.

"Ẹ dìde," ó wí. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ kó ẹrù wọlé, ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa iṣu."

Àwọn obìnrin kó ẹrù wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Adéwálé. Iṣu, èso, oyin nínú ìgò, ẹmu onígò. Bándélé ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò pariwo. Ìgbà tí ẹrù ìkẹyìn wọlé tán ni Adéwálé tó rẹ́rìn-ín, tó na ọwọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣe dáadáa. Ilé mi ni ilé yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá bàbá Tèmilọlá, ẹni tó dúró lọ́hùn-ún yẹn ni. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́."

Michael kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà àna ni, irú èyí tí wọ́n fi ń dán àlejò wò. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó yí sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ayọ̀túndé, ṣé kì í ṣe ibí lo júwe?"

"Ibí ni, Bàbá mi." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ga, ẹnjiníà ni, eruku kò tíì kúrò ní àyà agbádá rẹ̀. "Géètì yìí ni mo máa ń já a sílẹ̀ sí. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ọdún méjì."

"O wọlé rí?"

"A kì í wọ ilé àna kí wọ́n tó mọ̀ wá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Bándélé gbọ́ ọ. Ó rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ rẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ rìn wọlé. Bó bá bi í pé kí ló gbé e wá, á ní takisí ló já òun sí oríta. Ó mú omi fún un láìmọye ìgbà nítorí ìrìn láti oríta.

Adéwálé dìde. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá Bándélé sọ ní ọdún mẹ́rin ni pé, "Wá jókòó. Àga pọ̀. Ilé mi gba gbogbo wa."

Bándélé yí sí àwọn àlejò. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará Emùré. Ulé mi nìyí."

Michael súnmọ́ ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e. "Bàbá, ẹ forí jì wá. Ọ̀nà ló ṣì wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá síbí ká parí ọ̀rọ̀ wa. A ti dọ̀bálẹ̀ ná."

"Fún ta ni?"

"Fún bàbá ìyàwó."

"Ẹ̀yìn yín ni èmi rí."

Obìnrin kan nínú àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú Michael le.

"Bàbá, nínú ẹbí tiwa, a kì í dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìyàwó kan. Ẹni tó bá ṣe é, wọ́n á ní ó ti sin òkú ìyàwó àkọ́kọ́ ni. Bàbá mi kò ṣe é. Èmi ò ní í ṣe é."

"Nínú ẹbí tiwa, a kì í gba àna nílé onílé."

"Nílé aládùúgbò yín ni."

"Ẹ bi aládùúgbò mi bóyá ó kí mi láàárọ̀."

Adéwálé mi orí. "Ẹ ò rí nǹkan? Ọkùnrin tó fi kẹ̀kẹ́ gun òkè Ìsẹ̀ ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ogún ìṣísẹ̀ pere ló wá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, mo lè fi mọ́tò gbé e wá láti ibẹ̀ yẹn. Mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Kó yan èyí tó wù ú."

"Alàgbà," ni Michael wí, "ẹ jẹ́ ká gbọ́ra." Ó kọjú sí i. "Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì gbà wá láyè ká dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ kò bi mí. Ẹ wọlé, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ṣé kí n máa fi ẹsẹ̀ tì yín dìde ni?"

Olúbùnmi ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọjá. Ẹ gbé ojú kúrò. Ọmọ ni kí ẹ wò."

"Ọmọ ni mò ń wò."

Ìgbà náà ni Tèmilọlá jáde. Bí ó ṣe rí kọ́kọ́rọ́, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó ti wọ aṣọ òkè, gèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì wé e. Ó wo apá ọ̀hún ògiri, ó rí Ayọ̀túndé, ó sì gbé ojú kúrò. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ bá mi kọjá."

"O mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa yà sí."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ jáde lọ pàdé wọn. Àǹtí tì mí mọ́lé."

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn bí o bá pàdé wọn?"

Omi ti wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i jù bó ti ń sunkún lọ.

"Mo ní kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yẹn sẹ́yìn."

"Bó bá wà lẹ́yìn, ṣé wọn ìbá mọ ilé?"

"Ẹ kò mọ bó ti rí. Ẹ kò mọ̀ ọ́n rí. Ní ilé ìwé, orin ni wọ́n fi yín kọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e lọ sí ara ilé ìgbẹ́, ẹ tún gbé e padà, èmi ni mo jókòó sáàárín àwọn akọrin tí wọ́n ń wò. Kì í ṣe pé ẹ kò lè ra mọ́tò. Ẹ kàn kọ̀ ni. Ẹ kọ̀, àwa la sì ń san án."

"Ọdún méjì," ni Bándélé wí.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ayọ̀ gbé mi wálé, ẹ wà níta. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, ọwọ́ yín dúdú dé ìgúnpá. Ó bi mí pé, 'Èwo ni ilé yín?' Ẹnu mi ní, 'Géètì dúdú yìí ni.' Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi lọ. N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ mọ́."

"Lọ sọ ọ́ báyìí."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ilé tí wọ́n bí ọ sí."

"Níwájú gbogbo wọn?"

"Níwájú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti dọ̀bálẹ̀. N kò bínú. Lọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ti sọ ọ́, n ó kọjá sọ́hùn-ún. N ó jókòó sí àga Adéwálé, n ó gba àna mi."

Olúbùnmi wò ó. Kò gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.

Tèmilọlá dìde. Ó gba ojú títì lọ, ó wọ géètì dúdú náà. Àwọn obìnrin Emùré yà fún un. Ó dúró sórí táìsì, níbi tí àwọn ọkùnrin ti dọ̀bálẹ̀, ó ká gèlè mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó wí. "Ilé wa nìyẹn. Bàbá mi nìyẹn. Èmi ni mo purọ́ fún Ayọ̀túndé. Kò mọ nǹkan kan."

"Fún ọdún méjì?" ni Michael wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Nítorí kẹ̀kẹ́ ni, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Michael gba orí ògiri wo kẹ̀kẹ́ náà. Ó wò ó pẹ́.

"Kẹ̀kẹ́ ni bàbá tó bí mi fi ń kó kòkó lọ tà títí ó fi kú," ó wí. "Kẹ̀kẹ́ ló rán èmi níwèé. Ká ní o mú wa lọ sílé yẹn ni, èmi ìbá ní a ti délé." Ó mi orí. "Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lè fi bàbá tó bí i pamọ́ sẹ́yìn géètì ẹlòmíràn, kí ni kò ní í fi pamọ́ fún wa? Bí àna bá ṣàìsàn, ta ló máa sọ fún wa? Bí ọmọ wa bá ṣẹ̀ ọ́, géètì ta lo máa sá wọ̀?"

"Bàbá mi," ni Ayọ̀túndé wí.

"Dákẹ́. A ti ṣe ohun tí a wá ṣe. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bándélé ti ń bọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ tán ni ó ti gbé ẹsẹ̀. Ó gba ojú títì, ó kọjá lórí gọ́tà, ó wọ inú ọgbà Adéwálé fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́rin. Àwọn èèyàn ń jáde bí òun ṣe ń wọlé.

"Mo ti kọjá," ó wí fún Michael.

Michael ṣí fìlà fún un. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin mọ́."

"Ọmọdé ni."

"Ọmọ ọgbọ̀n ọdún, Bàbá?"

Michael kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin bèèrè bóyá kí wọ́n kó ẹrù padà. Michael dá a lóhùn láti ẹnu mọ́tò. "Ẹrù tó bá ti wọlé àna kì í jáde. O fẹ́ kí wọ́n bú wa ní Ìkẹ́rẹ́ ni?"

Ayọ̀túndé ló kẹ́yìn. Ó dúró sí ìta géètì, lórí ilẹ̀ pupa, ibi tí táìsì ti parí. Nígbà tí Bándélé jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ó fi àyà kanlẹ̀.

"Dìde," ni Bándélé wí.

Ó dìde. Eruku pọ̀ lára rẹ̀. Kò gbọ̀n ọ́n.

"Ayọ̀," ni Tèmilọlá pè é láti ẹnu géètì.

Kò wẹ̀yìn. Ó wọ mọ́tò, ó yí i, ó tẹ̀lé àwọn méjì tó ṣíwájú.

Adéwálé jókòó padà sórí àga rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó pe Bándélé láti ibẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ga bí ti àtẹ̀yìnwá. "Rán ẹnìkan wá kó uṣu rẹ."

"Wọn kò kó o wá fún mi."

"Kò sì jẹ́ tèmi."

"Ìwọ ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún."

Bándélé wọ ilé rẹ̀. Àwọn àgbà méjì jẹun díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ní Ọlọ́run á tún un ṣe. Olúbùnmi da ìyókù oúnjẹ sínú kúlà, ó kó o fún àwọn ará ilé ẹ̀yìn. Tèmilọlá wà nínú yàrá títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé báàgì rẹ̀ jáde nígbà tí bàbá rẹ̀ dé láti ìsìn, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Mo ti sọ ọ́ bí ẹ ṣe ní kí n sọ ọ́," ó wí.

"O sọ ọ́."

"Inú yín dùn?"

"Rárá."

"Mo ń lọ."

"Jẹ́ n gbé báàgì náà dé oríta."

"N ó gbé e fúnra mi."

Ó gbé e. Bándélé dúró títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, kò wá. Ọjọ́ Ẹtì kejì, kò wá. Ó ń gbé fóònù bí bàbá rẹ̀ bá pè é, á ní àlàáfíà ni òun wà, á sì pa á. Ayọ̀túndé kò pè é, òun náà kò sì pè é.

Ìyàwó Adéwálé kọ̀ láti se iṣu náà. Ó ní òun kò lè jẹ iṣu ìyàwó tí kì í ṣe ọmọ òun, kí wọ́n má bàa ní òun ló jẹ orí rẹ̀. Adéwálé kò lè dá a padà sí Emùré. Kò lè tà á. Ó tún ránṣẹ́ sí Bándélé lẹ́ẹ̀mejì, Bándélé kò dá a lóhùn. Àwọn èso ti rà, wọ́n dà á nù.

Ogún iṣu ni wọ́n gbé wọlé lọ́jọ́ náà nínú oṣù Èrèlé. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ogún náà ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Adéwálé, wọ́n sì ti hù.